Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Tí Kì í Jáde: Ta Ni Ó Ń Bọ́ Ọ?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní oríta Ìwó Road ní Ìbàdàn nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ yóò rí ohun tí à ń pè ní ọkọ̀ tí ń ṣiṣẹ́. Àwọn Micra onítakisí yóò ti máa gbé èrò lọ sí Agodi-Gate, sí Bódìjà àti sí Ojóò. Àwọn bọ́ọ̀sì yóò máa pe èrò Èkó, èrò Ifẹ̀ àti èrò Ìwó. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò dára ní wíwò. Ọ̀dà òmíràn ti họ, ilẹ̀kùn òmíràn sì ń fẹ́ kí èrò dì í mú kí ó tó lè tì. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, wọn yóò ti san owó epo ara wọn, wọn yóò ti bọ́ awakọ̀, wọn yóò sì ti mú nǹkan wá fún ẹni tí ó ni wọ́n.

Bódìjà kò jìnnà sí oríta yìí. Bí ẹni náà bá rìn wọ àwọn àdúgbò ibi tí ògiri ga, tí géètì sì nípọn, yóò rí ọkọ̀ irú mìíràn. Jíìpù ńlá ni, a fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ òrùlé. A máa ń ṣí i lójú bí ìyàwó tuntun ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ní ọjọ́ ìsìnkú, tàbí nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú bá ń bọ̀. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, a ó tún dá aṣọ rẹ̀ bò ó.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí nìyí: ó ha bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn ní ọkọ̀ olówó ńlá tí kì í sábà gùn bí? Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹnìkẹta, pé owó olówó ni. A gbà pẹ̀lú wọn níwọ̀n ìgbà tí owó náà bá jẹ́ ti ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rí i kí a tó dákẹ́ pé, ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bọ̀gìnnì kì í pẹ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú.

ẸṢIN TÍ Ó WÀ NÍ ÌSO

Àwọn baba wa mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí kí mọ́tò tó dé. Ní ayé àtijọ́, ìjòyè tí ó bá ní ẹṣin mọ̀ pé bí òun gùn ún, bí òun kò gùn ún, ẹṣin yóò jẹ koríko. A ní láti wá ẹni tí yóò máa pa koríko, tí yóò máa fún un ní omi, tí yóò sì máa di okùn rẹ̀ mú. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ogun tí yóò jà, tí kò sì ní ọ̀nà jíjìn tí yóò lọ, a máa rò ó dáadáa kí ó tó so ẹṣin mọ́ àgbàlá rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ó dúró lójú kan ń jẹun pẹ̀lú, bí a kò tilẹ̀ rí ẹnu rẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì èyíkéyìí léèrè. Bátìrì ọkọ̀ òde òní kì í sinmi, nítorí pé aago rẹ̀, ohun tí ń dún bí olè bá fọwọ́ kàn án, àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mìíràn ń mu iná lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí a kò bá gbé ọkọ̀ náà jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bátìrì lè kú. Gbogbo ìwúwo ọkọ̀ yóò wà lórí ibì kan náà lára táyà títí ibẹ̀ yóò fi tẹ́. Ìpẹtà yóò mú irin bíréèkì. Epo bẹntiróòlù tí ó bá pẹ́ ní oṣù mélòó kan nínú táǹkì a máa bàjẹ́, a sì máa dí ọ̀nà tí epo ń gbà. Eku tí ó bá rí ibi tí ó gbóná tí kò sì sí ariwo yóò wọ inú ẹ̀rọ, yóò sì gé wáyà jẹ.

Àwọn kan rò pé àwọn ti rí oògùn rẹ̀. Wọ́n ní kí awakọ̀ máa tan iná sí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní òròòwúrọ̀ kí ó sì tún pa á. Èyí kò tó. Ẹ̀rọ tí a kò jẹ́ kí ó gbóná dáadáa kí a tó pa á a máa kó omi sínú ọ́ìlì, ìṣẹ́jú márùn-ún náà kò sì tó láti dá iná tí a lò padà sínú bátìrì. A kọ́ ọkọ̀ láti rìn ni. Bí kò bá rìn, yóò ṣàìsàn.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ RẸ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ó wà láàárín wa fẹ́ràn ìṣirò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á ṣe é bí ẹni tí ó wà níwájú pátákó. A mú un pé ọkùnrin kan ra ọkọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦40 mílíọ̀nù, ó sì ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi tàbí ní ọjọ́ Jímọ̀.

Ní ìparí ọdún 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò pàṣẹ pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, adójútòfò tí ó kéré jù lọ tí òfin fi dandan lé fún ọkọ̀ ara ẹni yóò kúrò ní ₦5,000, yóò sì di ₦15,000. Àjọ náà tún sọ pé owó adójútòfò kíkún, èyí tí ń san àdánù fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ bí olè bá gbé e tàbí bí iná bá jó o, kò gbọdọ̀ dín ní ₦5 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan nínú iye tí ọkọ̀ náà tó. Òfin kò fi dandan lé adójútòfò kíkún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ₦40 mílíọ̀nù sílẹ̀ láìní i, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ₦40 mílíọ̀nù jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù ní ọdọọdún.

Bákan náà, bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin yìí fi ₦40 mílíọ̀nù náà sí ibi tí yóò ti máa mú ₦10 wá lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ₦4 mílíọ̀nù ni ì bá máa rí. Ó ti pàdánù èyí pẹ̀lú. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦6 mílíọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún. Bí a bá fi 52 pín ₦6 mílíọ̀nù, ohun tí ìjáde kọ̀ọ̀kan ná an ju ₦115,000 lọ, kí a tó ra epo, kí a tó san owó awakọ̀, kí a tó yí táyà padà. Ẹ̀yin fúnra yín mọ iye tí a lè fi háyà ọkọ̀ tí ó dára láti àárọ̀ di alẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÓKỌ̀ Ń SỌ

A kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ẹnìkan láìgbọ́ ti ẹnìkejì. Àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ báyìí ní àwíjàre, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èkínní, wọ́n ní bí àìsàn bá dé ní ọ̀gànjọ́ òru, tàbí bí aboyún bá ń rọbí, ẹni tí ó ní ọkọ̀ nínú ilé kò ní máa sáré kiri títì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré tí ń jáde lójoojúmọ́ yóò gbé aboyún dé ilé ìwòsàn bí jíìpù yóò ti gbé e, ìyẹn bí bátìrì jíìpù náà kò bá ti kú lábẹ́ tapólì ní òru ọjọ́ náà.

Èkejì, wọ́n ní náírà kò dúró lójú kan, pé ẹni tí ó bá fi owó pamọ́ sí báńkì ni ó ń sọ owó nù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ọkọ̀ ti fi owó rẹ̀ di ohun tí a lè fọwọ́ bà. Èyí ni àwíjàre tí ó lágbára jù lọ, a kò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Kí ìjọba tó tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ọkọ̀ ní ọdún 2022 lè tà á lẹ́yìn ọdún méjì kí ó sì gba náírà tí ó pọ̀ ju èyí tí ó san lọ. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ. Kì í ṣe ọkọ̀ náà ni ó gòkè. Náírà ni ó wálẹ̀. Bí ó bá gbé owó náà padà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ọkọ̀, wọn kò ní fún un ní irú rẹ̀ ní tuntun. Lẹ́yìn èyí, bọ́ọ̀sì tí ó wà ní Ìwó Road náà jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ bà. Bí iye náírà tí a ń ta jíìpù bá gòkè, ti bọ́ọ̀sì pàápàá yóò gòkè, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì yóò ti máa pa owó wálé ní gbogbo ọjọ́ tí jíìpù fi ń sùn. Ilẹ̀ sì wà pẹ̀lú; ìpẹtà kì í mú ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ iyì. Ó ṣòro láti fi ìṣirò dá èyí lóhùn, nítorí pé Yorùbá fẹ́ràn ẹ̀yẹ, kò sì sí ibi nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tí ó kọ́ ọmọ rẹ̀, tí kò jẹ gbèsè, tí ó wá sọ pé ọkàn òun ń fẹ́ ọkọ̀ dáradára kí òun tó kú, ta ni yóò bá a wí? Kí ó ra á, kí ó gbádùn rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa fún un kò ju pé kí ó máa gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá owó ra ọkọ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i, kí ó rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

BÍ MỌ́TÒ ṢE BẸ̀RẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

Ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe nítorí àṣehàn ni a ṣe la ọ̀nà mọ́tò nílẹ̀ yìí. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní ọdún 1906 ni ìjọba la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, tí a sì fi mọ́tò ìjọba sí ojú ọ̀nà náà. Iṣẹ́ ni a fi í ṣe: kí ẹrù àti èrò lè rí ọ̀nà dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin kò dé. Àwọn oníṣòwò bí Olóyè Salami Agbaje, ẹni tí ó wà lára àwọn ọmọ Ìbàdàn tí ó kọ́kọ́ ní mọ́tò, jẹ́ ènìyàn tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ àti òwò kí a tó mọ̀ wọ́n mọ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ ni ó ṣáájú; mọ́tò ni ó tẹ̀lé e.

Ní àkókò tiwa yìí, mọ́tò ni ó fẹ́ máa ṣáájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kò tíì ní iṣẹ́, ọkọ̀ ni ó ń lá. Ẹni tí ó fẹ́ du ipò kò tíì sọ ohun tí yóò ṣe fún wa, a ti ń ka jíìpù tí ó tẹ̀ lé e. Àṣìṣe yìí ni ó gbé wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan gbogbo wa.

NÍGBÀ TÍ OWÓ NÁÀ BÁ JẸ́ TIWA

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìròyìn gba gbogbo ilẹ̀ kan pé wọ́n fẹ́ ra ọkọ̀ jíìpù Toyota fún àwọn ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Abuja, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé iye ọ̀kan tó ₦160 mílíọ̀nù. Àwọn ọmọ ilé náà jẹ́ 360. Bí a bá sọ ₦160 mílíọ̀nù di ọ̀nà 360, yóò fún wa ní ₦57.6 bílíọ̀nù. Agbẹnusọ ilé náà ṣàlàyé pé ọkọ̀ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni wọn, kì í ṣe ẹ̀bùn, àti pé ohun ìní Ilé Aṣòfin ni wọn yóò jẹ́ títí sáà yóò fi parí.

Àwọn aṣòfin àgbà náà yan Toyota tiwọn. Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi, tí ó ń ṣojú ìwọ̀ oòrùn Kogi, tí ó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, jáde láti wí àwíjàre. Ó ní àwọn mínísítà ní ju jíìpù mẹ́ta lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè. Ó ní ọ̀nà wa ti bàjẹ́, àti pé ọkọ̀ tí kò bá lágbára kò lè pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò pẹ̀lú sùúrù. Ní ti àwọn mínísítà, òtítọ́ ni ó sọ. Ó yẹ kí a bi wọ́n léèrè pẹ̀lú. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan kì í sọ ti ẹlòmíràn di òdodo. Ní ti ọ̀nà tí ó bàjẹ́, Micra tí a rí ní Ìwó Road lójú ọ̀nà kan náà ni ó ń rìn. Ẹni tí ó ni Micra kò ní agbára láti fi owó sínú ìṣirò ọdún fún àtúnṣe ọ̀nà. Aṣòfin ní agbára náà. Ẹni tí a yàn láti mú kí a dí ihò, kò yẹ kí ó fi owó wa ra ọkọ̀ tí kò ní jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí òfin fẹ́. Òfin tí ó díwọ̀n owó oṣù àwọn olóyè ìjọba, èyí tí a ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 2008, fi owó iṣẹ́ gan-an ti sẹ́nétọ̀ kan sí ₦2,026,400 ní ọdún. Ó gbà á láàyè láti yá owó ọkọ̀ tí ó tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, èyíinì ni ₦8,105,600, gbèsè tí yóò san padà. Ní ọdún 2003 pàápàá, lábẹ́ Ààrẹ Olusegun Obasanjo, ìjọba ti pinnu láti yé ra ọkọ̀ fún àwọn olóyè rẹ̀, kí ó máa fún wọn ní owó dípò rẹ̀. Èrò rere ni. Lẹ́yìn náà, owó náà ń wọlé, ọkọ̀ náà sì tún ń dé.

Wàyí o, ẹ rántí ìṣirò adójútòfò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ₦160 mílíọ̀nù jẹ́ ₦8 mílíọ̀nù. Nítorí náà, gbogbo owó tí òfin rò pé ó tó láti yá sẹ́nétọ̀ kan kí ó fi ra ọkọ̀, díẹ̀ ni ó fi ju owó adójútòfò kíkún ọdún kan ṣoṣo lórí irú ọkọ̀ yìí lọ. Ọkọ̀ náà ì báà jáde, ì báà má jáde.

Ṣé ó ń jáde púpọ̀? Ìwé òfin ilẹ̀ wa pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán nínú ọdún. Ní ọjọ́ tí ilé bá jókòó, láti ilé dé ilé aṣòfin àti láti ilé aṣòfin dé ilé ni ìrìn ọkọ̀ náà. Bí aṣòfin bá fẹ́ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ bàlúù, ọkọ̀ náà kò sì lè fò tẹ̀ lé wọn. A kò sọ pé kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kò béèrè pé kí ènìyàn 360 ní ọkọ̀ 360. Ọkọ̀ díẹ̀ tí a jọ ń lò, tí a ń kọ ibi tí ó lọ àti ọjọ́ tí ó lọ sínú ìwé, yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀YIN OLÙKỌ́, Ẹ GBỌ́ ÈYÍ

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, owó oṣù tí ó kéré jù lọ nílẹ̀ wa jẹ́ ₦30,000. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni a sọ ọ́ di ₦70,000, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fọwọ́ sí ₦80,000 kí ọdún náà tó parí. A ó fi èyí tí ó pọ̀ jù ṣe ìṣirò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe àbòsí. Bí a bá fi ₦80,000 pín ₦160 mílíọ̀nù, yóò jẹ́ owó oṣù 2,000. Ọdún 166 àti oṣù mẹ́jọ ni òṣìṣẹ́ náà yóò fi ṣiṣẹ́, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, kí owó rẹ̀ tó tó ti ọkọ̀ kan. Òṣìṣẹ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 ni ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa parí rẹ̀ ní àkókò tiwa yìí.

Ní àwọn ọdún kan náà, epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti ń lọ sí ₦1,000 ní ìparí ọdún 2024. Ìjọba sọ fún wa pé kí a fara dà á, pé ìgbà líle ni. A fara dà á. Àwọn olùkọ́ tí ń wọ ọkọ̀ láti Ìwó Road lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Olódó, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Monatan fara dà á. Ohun tí ó dùn wá ni pé ìgbà líle náà kò kan ibi tí a ti ń ra jíìpù.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni àrùn yìí wà. Ní ìlà oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ń sọ èdè Swahili fi orúkọ ọkọ̀ Benz pe àwọn olóyè ìjọba. Wọ́n ní wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan lọ́tọ̀, ẹ̀yà WaBenzi. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, Ààrẹ Kwame Nkrumah bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ìdájí ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1961, ó sì bá àwọn olóyè ẹgbẹ́ rẹ̀ wí nítorí ọrọ̀ tí wọ́n ń kó jọ. Ní ọdún kan náà ni a fi òdiwọ̀n lélẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe ní ju ilé méjì àti ọkọ̀ méjì lọ. Ní Burkina Faso, nígbà tí Thomas Sankara gba ìjọba ní ọdún 1983, ó ta àwọn ọkọ̀ Mercedes ìjọba, ó sì sọ Renault 5, tí ó wà lára ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, di ọkọ̀ àwọn mínísítà. Ó ń gun irú rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé bí àwọn méjèèjì ṣe parí. Ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní ọdún 1966. Wọ́n pa Sankara ní ọdún 1987. Àṣẹ tí ó bá wá láti òkè nìkan, bí ẹni tí ó pa á bá ti lọ, àṣẹ náà lè bá a lọ. Ohun tí kì í tètè lọ ni ojú àwọn ará ìlú tí wọ́n ń wò, àti ẹnu wọn tí ń béèrè.

OJÚ TIWA NI Ó FÀ Á

A ti bá àwọn aṣòfin wí tó. Ó kù kí á bá ara wa sọ òdodo ọ̀rọ̀. Ta ni ó kọ́ àwọn olóṣèlú pé kí wọ́n ra ọkọ̀ tí wọn kò nílò? Àwa ni. Ẹ rántí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ẹ lọ kẹ́yìn. Bí òǹdíje kan bá wọ takisí Micra dé, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ṣé a ó dìde fún un? Ẹlòmíràn nínú wa yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kò tíì rí ti ara rẹ̀ ṣe, báwo ni yóò ṣe rí ti wa ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkejì rẹ̀ bá gbé jíìpù mẹ́rin wọlé, àwọn onílù yóò sáré lọ pàdé rẹ̀, àwa náà yóò sì máa patẹ́wọ́ kí a tó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Olóṣèlú kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé jíìpù náà kò wúlò fún ìrìn àjò rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó wúlò fún ojú wa. Bí ó bá dé ipò tán, owó wa ni yóò fi ra òmíràn.

Nítorí náà ni a kò ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bọ̀gìnnì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fi owó tirẹ̀ ra á, tí ó sì tì í mọ́lé, òun ni yóò san owó oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a bá fi owó ìlú rà, àwa ni à ń bọ́ ọ, bí a kò tilẹ̀ ní gun un láé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, nígbà tí àwọn òǹdíje bá tún padà wá sí àdúgbò yín, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n bí wọn yóò bá kọ ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ju èyí tí òfin gbà wọ́n láàyè láti yá lọ. Ẹ bi wọ́n bí wọn yóò bá jẹ́ kí a ka ìwé ibi tí ọkọ̀ ìjọba lọ. Ẹ bi wọ́n kí ni iye tí a ta ọkọ̀ sáà tí ó kọjá, ta ni ó rà á, àpò wo ni owó náà sì wọ̀. Ẹ béèrè ní gbangba, níbi tí àwọn onílù wà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìṣirò tí a ṣe yìí sí ojú pátákó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ₦80,000 pín ₦160 mílíọ̀nù fúnra wọn. Bí wọ́n bá ti rí ìdáhùn náà, kí wọ́n tó dàgbà di olùdìbò, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi dídán ara ọkọ̀ tan wọ́n jẹ.

Ní ọ̀la, bí ilẹ̀ bá mọ́, Micra yóò tún jáde sí oríta Ìwó Road láti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Jíìpù tí ó wà lábẹ́ tapólì kò ní jáde, ṣùgbọ́n òun náà yóò jẹun. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí ń gbé oúnjẹ náà fún un.